Ẹ́ńjìnnì Bàálù Tó Ń Dúró De Ara Ọkọ̀: Ohun Tí Ẹ Ò Gbọ́dọ̀ Ṣe

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù ní gáréèjì ilé wọn l'Amẹ́ríkà ló máa ń tètè ra ẹ́ńjìnnì, torí pé wọ́n rí Lycoming O-320 kan, ìyẹn ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré, tówó rẹ̀ wálẹ̀. Ara ọkọ̀ á wá gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ rà kẹ́yìn.

Ìdípẹtà ló fà á. Nínú Lycoming, òkè crankshaft (irin tí písítìnnì ń yí) ni camshaft (irin tó ń mú kí fáàfù ṣí) wà, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan sì ni ọ́ìlì ń ta sí i lára. Tó bá ti dúró, ọ́ìlì á máa ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi wà ní ìhòòhò. Láti ìta, gbogbo rẹ̀ ń dán. Nínú lọ́hùn-ún, ojú tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí camshaft ń tì, ti dá ihò wínníwínní bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ọjọ́ tí ẹ bá tan án, tápẹ́ẹ̀tì àti camshaft á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn.

Àwọn kan ń fọwọ́ yí propeller lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ní àwọn ń pín ọ́ìlì ká. Irọ́ ni! Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù lára sìlíńdà ni wọ́n ń nù kúrò, ilé iṣẹ́ Lycoming fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé kò dáa. Bí magneto, ohun tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná, bá wá ṣáná, propeller lè gé èèyàn lápá.

Títan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún tún burú jùyẹn lọ. Epo tó jóná ń mú omi jáde. Bí ọ́ìlì ò bá gbóná dé nǹkan bíi 74°C fún ìgbà pípẹ́, omi náà ò ní gbẹ, á pò mọ́ ọ́ìlì, á di ásíìdì.

Bí ẹ bá ti ra ẹ́ńjìnnì náà ná, ọ́ìlì ìpamọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi pulọ́ọ̀gì tó ń fa ọ̀rinrin dí ihò sìlíńdà. Ẹ dí ẹnu sàláńsà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti breather (ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mí) pa. Ẹ má fi àkísà dí i o, omi ló ń fà mọ́ra. Pulọ́ọ̀gì yẹn kì í ṣe ohun àfigbàgbé: àwọ̀ búlúù ló ń ní, tó bá ti di píǹkì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn pulọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì tó dúró sínú sìlíńdà lè dà jáde. Bí písítìnnì bá lọ gbá ọ́ìlì yẹn, connecting rod, irin tó so písítìnnì mọ́ crankshaft, lè tẹ̀.