Igi má ba ọmọ inú àpò: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ́ ọmọdé ní eré ìtàgé àtijọ́

Ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọdún méje bí wọ́n ṣe ń gbe "Ààlọ̀!" nígbà tí apàlọ́ bá ké "Ààlọ́ o!". Ilé ló ti bá a. Ṣùgbọ́n ẹ kó ogún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ ní ọlidé ńlá, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní eré Molière, òǹkọ̀wé eré ará Faransé, tàbí ti àwọn Gíríìkì: bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ eré sí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa kọ́kọ́ pín. Eré ti kú nìyẹn.

Ọmọ tó di bébà mú kò ní ojú tí yóò fi wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Orí á tẹ̀ ba, ohùn á máa lọ sílẹ̀, Faransé á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ fún un ní máàkì. Ẹ kó bébà pa mọ́ fún ìpàdé mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ fi èdè ilé sọ ìtàn náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn ṣe é. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ á sọ ọ́ bí ará Ṣábẹ̀ẹ́, ti Àjàṣẹ́ á da èdè Gùn pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó ń purọ́, ẹni tí ẹ̀rù ń bà àti ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbólóhùn òǹkọ̀wé á rí ibi jókòó sí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, gbólóhùn mẹ́rin ti tó o.

Ẹ má sì da ọmọ ọdún méje pọ̀ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọ kékeré á kàn di ẹni tó ń gbé àga ni. Ogún ọmọ fún àgbà méjì, ìṣẹ́jú 45 fún àwọn kékeré, 90 fún àwọn ńlá, ó tó.

Eré tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni Les Fourberies de Scapin, tí Molière gbé jáde ní 1671. Kì í ṣe ewì, nítorí náà kò sí sílébù tí ẹnikẹ́ni máa kà. Ní ìran kejì nínú apá kẹta eré náà, Scapin ọmọ ọ̀dọ̀ purọ́ fún bàbá arúgbó kan, Géronte, pé àwọn kan ń wá a láti pa á. Ó ní kó kó sínú àpò. Ó wá ń yí ohùn padà bíi pé àwọn ọ̀tá ti dé, ó sì ń fi igi lu àpò náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Géronte yọ orí síta, àṣírí tú. Ẹ̀rín á pa gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀. Ìran yìí kan náà ni wọ́n ti máa ń ṣe ara wọn léṣe jù.

Àpò ìrẹsì aláàádọ́ta kílò ni wọ́n sábà máa ń mú wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè lò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè ká ara kò débi tí orí rẹ̀ máa wọlé. Ẹ rán àpò méjì pọ̀, kí ẹ sì tú ìdí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ lè tẹlẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ rìn nínú àpò onídìí, imú ló máa fi lélẹ̀. Ẹ má fi okùn so ẹnu rẹ̀ láé: ọmọ inú àpò ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di í mú. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó, nítorí sísín nínú àpò kì í tán bọ̀rọ̀.

Ní ti igi, ìwé ìròyìn tí wọ́n ká tí wọ́n sì fi aṣọ wé ti tó. Ṣùgbọ́n igi rírọ̀ nìkan kò gba ọmọ là. Ohun tó ń fa ìpalára ni pé ẹni tó di igi mú ni wọ́n fi eré lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni inú àpò ò ríran. Ẹsẹ̀ Scapin ni kó kọ́kọ́ dún nílẹ̀ gbì. Igi á balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìwọ̀n apá kan sí àpò. Géronte á fò, á sì ké. Igbe yẹn ló ń mú kí òǹwòran gbà pé igi bà á. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ nígbà mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n yára. Òbí kan á ní kí ló dé tí ọmọdé ń lu àgbà. Ẹ rán an létí Ìjàpá tó ní kí Erin wá jọba.

"Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa!" Bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe dáhùn, ẹ má bèèrè rẹ̀ mọ́. Ẹ dá eré dúró níbi tó gbóná. Nínú Antigone, eré tí Sophocle ará Gíríìkì àtijọ́ kọ, ọba Créon ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú Polynice tó gbógun ti ìlú. Antigone, ọmọ ìyá òkú, lọ bu erùpẹ̀ dà lé e. Ẹ ní kí ẹni tó gbè sẹ́yìn ọba bọ́ sí apá òsì, àwọn yòókù sí ọ̀tún, kí wọ́n sì bá ọmọ tó ń ṣe Créon jiyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo wọn ló máa sáré lọ sí ọ̀tún, torí kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí òkú àìsin jẹ́. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ bèèrè pé: "Tó bá ṣe pé ìwọ ni ọba, tí ọ̀tá tún dé lọ́la ńkọ́?" Olùkọ́ tó bá sọ ẹni tó jàre ti pa ìjíròrò. Eré yìí kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rìnlá, torí èèyàn mẹ́ta ló gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ akọrin Sophocle jẹ́ 15. Bí ọmọ 15 bá jọ ń ka gbólóhùn gígùn, ariwo ọjà ni. Lílé àti ègbè ni kẹ́ ẹ fi ṣe é: ẹnì kan lé, àwọn yòókù gbè é ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èémí tí wọ́n jọ fà sínú ló ń mú wọn bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe "ọ̀kan, méjì, mẹ́ta".

Ó ku ìbòjú. Kétu jẹ́ ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun tí àjọ UNESCO kéde gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001 tó sì wọ ìwé àkójọ rẹ̀ ní 2008, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbòjú páálí jọ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tàbí ti Egúngún. Ẹ fi hàn àwọn àgbà kẹ́ ẹ tó kùn ún. Lórí bàlúùnù ni kẹ́ ẹ ti lẹ ìwé ìròyìn, ìpele mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀; bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ á bu. Iwájú orí dé orí imú ni kó bò, kí ẹnu wà lófìfo. Kí ihò ojú kọ̀ọ̀kan tó owó ẹyọ ọgọ́rùn-ún sẹfa, ó kéré tán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn á máa kọ lu ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wòran, ẹ má fi wákàtí kan kí àwọn ènìyàn ńlá nígbà tí àwọn ọmọ ń làágùn lẹ́yìn aṣọ. Eré ni kó ṣáájú. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ lè sọ ọ́ lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣì jókòó.