Bí A Ṣe Ń Yan Ańpilifáyà fún Gìtá Béèsì, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ańpilifáyà béèsì tí wọ́n ń gbé lọ bá àwọn atúnrọ̀ṣe ni ara wọn le koko lọ́jọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Ẹni tó ni wọ́n ló so wọ́n mọ́ àpótí sípíkà tí agbára wọn kò ká, tàbí kí ó jẹ́ pé okùn tí kì í ṣe okùn sípíkà ló fi so wọ́n pọ̀. Nítorí náà, ibi ìsopọ̀ yẹn ni n ó ti pẹ́ jù lọ nínú àlàyé yìí. Ìyókù kò le, ẹni tó bá ti lè fi etí mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn tó mọ́ àti èyí tó há yóò ṣe é yanjú.

Ẹ pinnu ibi tí ẹ ti máa lò ó

Okùn E tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B ti olókùn márùn-ún sì máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Ohùn tó bá wálẹ̀ tó báyìí kì í jáde dáadáa àfi kí sípíkà ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í so béèsì mọ́ ańpilifáyà tí wọ́n ṣe fún gìtá lásán, nítorí pé awọ sípíkà rẹ̀ kò lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, bí a bá sì fipá mú un, yóò ya.

Fún ìdánrawò nínú yàrá, watt 15 sí 50 ti tó. Bí ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má ṣe lọ sísàlẹ̀ watt 200. 300 ló máa ń fi èmi lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí iye watt nìkan fà yín lójú mọ́ra. Bí ẹ bá sọ watt di ìlọ́po méjì, decibel 3 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) péré ni ohùn náà fi lọ sókè; kí etí tó lè gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì, watt gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tó bá ta ẹ̀rọ onáwáàtì 300 kí ó lè ra ti 400, ìwọ̀n decibel kan àti díẹ̀ ló fi owó rẹ̀ rà. Bí ó bá fi owó náà ra àpótí sípíkà kejì tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu, yóò jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa ti ìwúwo, ayé ti yí padà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ampeg gbé ańpilifáyà béèsì SVT jáde ní ọdún 1969, watt 300 ni agbára rẹ̀, ẹ̀rọ náà nìkan, láìka àpótí sípíkà, sì lé ní kílò 35, nítorí fáàfù onígíláàsì (ohun tó dà bí gílóòbù, tó ń sọ ohùn di ńlá) àti tiransifọ́mà ńlá tó wà nínú rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aláìnífáàfù tí wọ́n ń pè ní class D ń fúnni ní watt 500, wọn kò sì tó kílò mẹ́ta. Bí ẹ kò bá ní ìfẹ́ pàtàkì sí ohùn fáàfù, class D ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn yín pamọ́ fún iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Sípíkà oníńṣì 10, 12 àti 15 ló wọ́pọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé oníńṣì 15 ló ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde jù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kan àpótí náà ló ṣe pàtàkì ju bí sípíkà ṣe fẹ̀ tó lọ. Oníńṣì 12 méjì ni mo máa ń yàn, nítorí pé ohùn àárín wọn máa ń yọ gedegbe láàárín àwọn ohun èlò yòókù.

Béèsì tiyín ni kí ẹ gbé lọ síbi ìrajà, kì í ṣe èyí tí ẹ bá níbẹ̀. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnnì ohùn sí àárín gbùngbùn, kí ẹ ta okùn E jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi agbára ta á. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ jẹ́ kí ó wà lórí iná fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbà pé ó dára, nítorí pé àìsàn ẹ̀rọ mìíràn kì í hàn títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Kí ẹ sì wo sípíkà fúnra rẹ̀. Ẹ pa iná, kí ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ awọ rẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ó lè wọlé láìdagun. Bí ẹ bá gbọ́ tàbí tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé ohun kan ń ha nínú rẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ti jó, tàbí ó ti wọ́. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má ṣe ra ańpilifáyà tí kò bá ní ihò DI tí a lè gbà so ó mọ́ míkísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ohùn gbogbo ohun èlò pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn ńlá, ihò yẹn ni yóò gbé ohùn yín dé etí èrò, ańpilifáyà yín yóò sì kàn jẹ́ ti ẹ̀yin tí ẹ wà lórí pèpéle.

Síso ańpilifáyà mọ́ àpótí sípíkà

Ibi yìí ni ọ̀ràn wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe kánjú kà á.

Ní ẹ̀yìn ańpilifáyà, wọ́n kọ iye ohm tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà lè fara dà. 4 ló wọ́pọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn àpótí sípíkà pẹ̀lú, wọ́n kọ iye ohm tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 8 tàbí 4. Ohm ni a fi ń wọn ìdènà tí sípíkà ń fún iná. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń kéré sí i ni iná tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tú jáde yóò máa pọ̀ sí i, tí ara rẹ̀ yóò sì máa gbóná sí i.

Àṣìṣe tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn jù ni pé wọ́n máa ń ro ohm pọ̀. Wọ́n ní àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohm 4, wọ́n ní 4 àti 4 jẹ́ 8, wọ́n sì ní àwọn wà láìléwu. Rárá o. Ohm 2 ni wọ́n so mọ́ ọn yẹn. Àpótí kejì dà bí ilẹ̀kùn kejì tí a ṣí sí gbọ̀ngàn tí èrò ń ti inú rẹ̀ jáde: ìdènà dín kù ni, kò pọ̀ sí i. Àpótí ohm 8 méjì di ohm 4. Ohm 4 méjì di ohm 2. Ohm 8 àti ohm 4 papọ̀ di bíi ohm 2.7. Kò sì sí ìyàtọ̀ bí ẹ bá so méjèèjì mọ́ ihò méjì tó wà lẹ́yìn ańpilifáyà, tàbí tí ẹ bá so àpótí kan mọ́ èkejì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ, ìsopọ̀ kan náà ni méjèèjì.

Ẹ̀rọ tí ohm 4 jẹ́ òpin rẹ̀, tí a wá so mọ́ ohm 2, lè ṣiṣẹ́ fún orin kan tàbí méjì, èyí ló sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Tí orí bá bá a ṣe, yóò pa ara rẹ̀ kí ó tó jóná. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀. Ohm tó pọ̀ ju ti ẹ̀rọ náà lọ kò ṣe ẹ̀rọ aláìnífáàfù ní nǹkan kan, àfi pé agbára tó jáde yóò dín kù. Nítorí èyí, bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ra àpótí kejì lọ́jọ́ iwájú, ohm 8 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Òfin ti ẹ̀rọ onífáàfù yàtọ̀, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì ohm tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àpótí sípíkà mu rẹ́gí. A kò sì gbọdọ̀ tan án láé láìso sípíkà mọ́ ọn, bó ti wù kó kéré mọ, nítorí pé tiransifọ́mà tó ń gbé ohùn jáde lè ti ibẹ̀ jóná.

Tí ohun tí wọ́n kọ sára àpótí kò bá dá yín lójú, pàápàá àlòkù tí wọ́n ti pààrọ̀ sípíkà inú rẹ̀, ẹ fi mítà tí àwọn oníná ń lò wọ̀n ọ́n nígbà tí kò sí lára ańpilifáyà. Mítà yóò sọ iye tó dín díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ: àpótí ohm 8 sábà máa ń fi bíi 6 sí 7 hàn, ti ohm 4 sì máa ń fi 3 àti díẹ̀ hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, wáyà kan ti já nínú rẹ̀. Tí ó bá fi òdo hàn, wáyà méjì ti kanra, ẹ má ṣe so ó mọ́ ohunkóhun. Mítà olówó pọ́ọ́kú ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ó wá ku okùn. Okùn tí a fi ń so béèsì mọ́ ańpilifáyà àti okùn tí a fi ń so ańpilifáyà mọ́ sípíkà lè ní orí kan náà, kí àwọ̀ wọn sì tún jọra, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹ tú ìbòrí orí okùn náà kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí wáyà tín-ín-rín kan láàárín, tí àwọ̀n wáyà wẹ́wẹ́ sì yí i ká, ti béèsì nìyẹn. Bí ẹ bá rí wáyà méjì tó nípọn bákan náà, ti sípíkà nìyẹn. Ẹni tó bá fi ti béèsì so sípíkà ń fipá ti iná ńlá gba ojú ọ̀nà tóóró. Yóò gbóná, rọ́bà inú rẹ̀ yóò yọ́, wáyà méjèèjì yóò kanra, ańpilifáyà ni yóò sì jẹ gbèsè náà. Tépù pupa ni mo máa ń wé mọ́ orí méjèèjì okùn sípíkà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá yín tú ẹrù má baà ṣì wọ́n mú nínú òkùnkùn.

Bí owó okùn sípíkà bá wọ́n jù, ẹ lo wáyà iná rírọ̀ oníwáyà méjì tó jẹ́ 2.5 mm² ní òṣùwọ̀n, kí ẹ fi òjé jó orí tó dára mọ́ ọn. Kò sí ohun tí etí yóò fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tà lọ́wọ̀n. Tí ẹ̀rọ yín bá ní ihò Speakon, òun ni kí ẹ lò, nítorí pé ó máa ń tì pa, ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè fà á yọ. Orí okùn lásán máa ń mú kí wáyà méjèèjì kanra nígbà tí ẹ bá ń tì í bọ ihò, nítorí náà ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó so ó, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó yọ ọ́.

Fún ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ so sípíkà: ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sàmì sí lára gbogbo wọn ló dojú kọ ibì kan náà. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú nígbà tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, ohùn ìsàlẹ̀ yóò pòórá. Ẹ fi bátìrì fóòtì 9 kan ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ fìrí. Tí awọ bá fò síwájú, ẹ̀gbẹ́ tí àmì ìròpọ̀ bátìrì kàn ni ẹ̀gbẹ́ ìròpọ̀ sípíkà.

Títàn án àti yíyí ohùn

Ẹ dín volume kù pátápátá, ẹ so béèsì, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ fi agbára tó pọ̀ jù tí ẹ ó lò nínú orin gan-an ta okùn, kí ẹ máa yí gain (bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn tó ń wọ inú ẹ̀rọ ṣe máa lágbára tó) sókè títí iná pupa yóò fi ṣẹ́jú, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀. Ẹ má ṣe yí bọ́tìnnì bass dé òpin: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awọ sípíkà ti ń ya, nígbà tí agbára ẹ̀rọ náà kò tíì tó ìdajì. Bí ohùn bá ṣókùnkùn, ẹ fi díẹ̀ kún ohùn àárín.

Tí ìró hùn-ùn bá ń ti inú míkísà jáde, ẹ tẹ bọ́tìnnì ground lift tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ DI. Láti pa ìró yìí, àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì iná. Ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí iná pa ẹni tó fọwọ́ kan okùn béèsì, tó sì tún fẹnu kan gbohùngbohùn. Ẹ má ṣe gé e láé.

Ìtọ́jú

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò lójú fáànù àti ihò afẹ́fẹ́ lóṣooṣù, kí ẹ má sì ṣe ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ ògiri. Ẹ máa fún síkúrù àpótí sípíkà le, torí pé ìdajì ìró jan-jan-jan tí àwọn ènìyàn ń pè ní sípíkà tó bàjẹ́ ló jẹ́ síkúrù tó tú. Bí bọ́tìnnì bá ń dún kára-kára tí ẹ bá yí i, òróró ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún ohun abánáṣiṣẹ́ ni kí ẹ fín sí i, kì í ṣe kẹrosíìnì.

Bí fíúsì bá jó, ẹ fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi bébà fàdákà wé e, tàbí tó fi wáyà dí i, ti gba ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ náà kúrò. Tí tuntun náà bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ọ̀ràn náà ti wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe ṣí ẹ̀rọ onífáàfù fúnra yín, nítorí pé àwọn ohun kan nínú rẹ̀ lè ṣì gbé iná ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún tàbí 230.

Béèsì tó ń lo bátìrì máa ń jẹ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí okùn bá ṣì wà lára rẹ̀, kódà bí ẹ kò bá ta á. Nítorí náà, ẹ yọ okùn kúrò tí ẹ bá ti ta á tán, kí ẹ sì máa fi fíúsì méjì, bátìrì fóòtì 9 kan àti okùn sípíkà kan sínú àpò béèsì, níbi tí ẹ kò ti ní kó wọn jáde fún iṣẹ́ mìíràn.