Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ SS Ṣeré: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí lórí Eré Ìdárayá àti Ọkàn Ọmọ

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, wà, òun ló máa ń jókòó ti ògiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù. "Má sáré o, ara rẹ ò gbà á." Ìfẹ́ ló ń mú ìyá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù náà sì wà níbẹ̀, torí ẹni tó ti gbé ọmọ dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù lóru rí kì í fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí a kò jẹ́ kó rìn, iṣan rẹ̀ á máa rọ, èémí rẹ̀ á máa kúrú, bó bá sì yá, àtirìn dé ilé ìwé lásán á di iṣẹ́ ńlá fún un. Eré tó níwọ̀n dára fún un. Ìwọ̀n yẹn la fẹ́ fi hàn yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn rẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri ara. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ti ẹni tí kò ní àrùn yìí rí roboto, ó rọ̀, ó sì ń lò tó oṣù 4. Ti ọmọ SS máa ń tẹ̀ bí dòjé, ó máa ń le, kì í sì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi í tó. Bí wọ́n bá yẹ PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n hóró pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, wò nígbà tí ara rẹ̀ dá, ó sábà máa ń wà láàárín 18 sí 27 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọkàn ló ń ru ẹrù àìtó yìí. Ó dà bí ẹni tí korobá rẹ̀ kéré: odò tí àwọn yòókù lọ lẹ́ẹ̀kan, òun á lọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìkòkò tó kún. Bọ́dún ti ń gorí ọdún, ọkàn á máa tóbi ju bó ti yẹ lọ. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ọkàn rẹ̀ ti ń sáré kí òun fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà rẹ̀. Ẹ ní kó yẹ ọkàn àti ìgbáròkó rẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen wà. Bí nǹkan bá wú níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ja ìjàkadì tàbí gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn, torí ìkọlù kan lè bẹ́ ohun tó wú náà nínú. Bó bá jẹ́ ìgbáròkó ló ń dùn ún, kó yéé fò.

Ìrìn ìṣẹ́jú 10, ìgbà 3 lọ́sẹ̀, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Ijó dára gan-an, èmi fúnra mi ló wù mí jù, torí ọmọ á ṣe é láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń ṣeré. Bó bá ń dáhùn já geere, ó wà níwọ̀n. Bó bá ní láti dúró mí kó tó parí gbólóhùn kan, ó ti pọ̀ jù. Kó máa sinmi léraléra, bó bá sì ní ó ti rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́. Eré àsápajúdé ni kò bá a mu.

Omi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù. Kíndìnrín ọmọ SS kì í lè di omi mú bíi ti ọmọ yòókù, torí náà ara rẹ̀ máa ń tètè gbẹ. Nígbà tí ara bá sì gbẹ, hóró ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀, á dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìrora á dé. Kó mu omi kó tó ṣeré, kó mu ún láàárín eré, kó tún mu ún lẹ́yìn rẹ̀, kódà bí òùngbẹ ò bá gbẹ ẹ́. Kíndìnrín yìí kan náà ló ń mú kó máa tọ̀ sórí ẹní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án, ẹ má sì fi omi dù ú nítorí ẹní tó tutù.

Oko àti ojú ọjọ́

Ó lè bá yín lọ sóko ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Kó ṣa kòkó tó bọ́ sílẹ̀, kó bomi rin ẹ̀fọ́. Ẹ má gbé àpò gàrí rù ú, ẹ má sì ka iye ebè tó gbọ́dọ̀ ro kó tó sinmi. Òtútù náà léwu: kó má wẹ odò tó tutù, bí òjò bá pa á, ẹ tètè pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kó wọ aṣọ tó nípọn, kó sì dúró kí ara ilẹ̀ yá díẹ̀ kó tó jáde.

Eré ò lè rọ́pò oògùn. Folic acid (oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀), oògùn tí ń dènà ibà, àti hydroxyurea (oògùn tó ń dín ìrora àrùn yìí kù) bí dókítà bá kọ ọ́, kó máa lò wọ́n bí dókítà ṣe ní kó lò wọ́n, kó sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, torí ibà máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ní.

Ẹ kọ lẹ́tà sí tíṣà rẹ̀ pé SS ni, kí ó máa jẹ́ kó mu omi nínú kíláàsì, kí ó máa jẹ́ kó jáde lọ tọ̀ nígbàkígbà, kí ó má sì fi ìsáré yí pápá po jẹ ẹ́ níyà.

Ìgbà tí kò sí dídúró

Bí àyà bá ń dùn ún, bí èémí rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi, bó bá dákú, bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38.5°C, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun tàbí ikùn rẹ̀ wú lójijì, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tàbí apá kan ara rẹ̀ rọ, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì padà bọ̀ sípò, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.