Bẹ́ ẹ ṣe máa mú màmá tàbí bàbá tó wà lábúlé lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kí àìsàn tó dá wọn wólẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí àgbà lábúlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín lóru pé màmá ti ṣubú. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ lọ sọ́síbítù tí wọ́n bá ṣì ń rìn, wọ́n á ní ara ogbó ni, wọ́n á ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, wọ́n á tún mu àgbo lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè wà lára èèyàn fọ́pọ̀ ọdún láìsí ẹ̀fọ́rí kankan, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ mú ọjọ́ kan. Tí ọjà yín bá jẹ́ ọrọọrún, ọjọ́ ọjà lọkọ̀ máa ń pọ̀, àmọ́ kí wọ́n tètè jáde láàárọ̀ kí nọ́ọ̀sì tó lọ. Ẹ wá ẹnìkan tó mọ̀wé díẹ̀ nílé kó tẹ̀lé wọn wọlé, kó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, kó bá yín kó gbogbo oògùn wọn sínú nylon kan, gbogbo ẹ̀ o, èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, èyí tó wà nínú agolo mílíìkì, títí kan àgbo inú ìgò. Ẹ máa rí èyí tí wọ́n tú kúrò nínú páálí tí wọ́n wé sínú bébà kékeré, funfun méjì, pupa kan, kápúsù kan, wọ́n ní oògùn làkúrègbé ni. Èyí gan-an ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́. Prednisolone, ìyẹn oògùn alágbára kan tó ń dín ara wíwú àti ìrora kù, lè wà nínú ẹ̀, ara á tù wọ́n kíákíá lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bẹ́ẹ̀ diclofenac àti ibuprofen, àwọn oògùn ara ríro, lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́ téèyàn bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ má ṣàdédé ní kí wọ́n dá a dúró, dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù. Màmá lè fẹ́ fi àgbo pamọ́ torí wọn ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ wọn, ẹ rọra bá wọn sọ ọ́: "Màmá, ẹ ṣáà sọ fún wọn, ẹ má bẹ̀rù."

Tí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó yẹ BP wọn wò, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ti ẹ̀ á lọ sókè. Tó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì tó yàtọ̀, kì í ṣe nǹkan àfojúfò, ojoojúmọ́ sì ni oògùn ẹ̀, kódà tí ara bá le.

Tó bá jẹ́ owó ni wàhálà, ẹ béèrè bóyá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yẹn wà lábẹ́ BHCPF, ìyẹn ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń sanwó ìtọ́jú ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, àwọn àgbàlagbà wà lára àwọn tí ètò yẹn wà fún, kí wọ́n mú NIN dání.

Tí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan ò bá ṣeé gbé mọ́, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má fún wọn ní nǹkankan mu, jẹ́nẹ́rà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti fi nọ́ńbà dírẹ́bà tó ń sùn lábúlé sórí fóònù wọn báyìí, kẹ́ ẹ sì ti bá a sọ iye tó máa gbà kílẹ̀ tó ṣú.