Sienna tó ń gbóná lórí òkè Ẹ̀fọ̀n: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Sienna 2005 ni mo ń wà, Adó-Èkìtì la sì ń gbé. Nígboro, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́rin àti màmá mi bá wọ̀ ọ́ lọ sí Iléṣà, tí iṣu kún bùútù, ká tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n tán, gééjì ooru á ti fẹ́ kan H, ìyẹn àmì pé ó gbóná jù. Mẹ́káníìkì mi ti yọ táàmósítáàtì kúrò, ó ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Síbẹ̀, pàbó ló já sí. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ dá táàmósítáàtì padà. Inú àwọn ọ̀gá mẹ́káníìkì kan ò ní dùn sí mi, àmọ́ yíyọ ọ́ kì í ṣe ìwòsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró sínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, nǹkan bíi 82°C, kó tó jẹ́ kó lọ sí rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń tù ú. Tí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ló tún ní epo tó máa fi ṣòfò?

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni àárín rédíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà éésì, ìyẹn irin tó wà níwájú rédíétọ̀ tó ń lé ooru éésì jáde. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ látòkè. Tẹ́ ẹ bá wò ó láti iwájú, ó lè mọ́ tónítóní, kí àárín rẹ̀ sì ti dí pa pẹ̀lú eruku pupa, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ kòkòrò. Omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára tì í, á tẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ara rédíétọ̀ pa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti éésì, kí ẹ lọ dúró níwájú ọkọ̀. Fáànù méjèèjì gbọ́dọ̀ máa yí. Nígboro, ẹyọ kan lè gbé e. Lórí òkè, ọkọ̀ ń rọra wọ́, atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé kéré, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ àṣekára. Ẹyọ kan ò lè tó.

Ẹ pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ náà. Òun ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi ń hó ní 100°C, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ò tó nǹkan lára gbogbo sípéà páàtì tá à ń rà. Omi kànga náà ńkọ́? Ẹ yéé bù ú sí i, ìpẹtà àti èèpá ló ń kó jọ sínú rédíétọ̀. Kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kí ẹ lò.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni wọ́tà pọ́ǹpù, òun ló ń ti omi káàkiri ẹ́ńjìnnì. Nínú ẹ́ńjìnnì 3.3 tó wà nínú Sienna yín, táímìn bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì, ló ń yí i. Máìlì 90,000 ni ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù yín dáadáa: tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà. Ẹni tó bá rí 110,000 níbẹ̀ tó rò pé kìlómítà ni, á máa fọkàn balẹ̀ lásán. Ìgbà tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù, kí ẹ má san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó dí àárín orí àti ara ẹ́ńjìnnì, ò tíì lọ?

Ìdáhùn: Láàárọ̀ tí ọkọ̀ ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, kí ẹ tan án. Tí omi bá ń yọ ìfóófòó láìdáwọ́ dúró, tàbí tí omi ń dín kù láìsí ibi tó ń jò, tàbí tí ọ́ìlì ti funfun bí ògì, ó ti kan gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ìbéèrè: Tó bá gbóná mọ́ wa lọ́wọ́ lórí òkè ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pa éésì, kí ẹ tan hítà dé òpin. Màmá á bínú, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì ló ń fà jáde. Tí gééjì bá ṣì ń gòkè, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí, ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Àlùmíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, ó lè wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fa jíà sí 3 tàbí 2, kí bíréèkì lè sinmi.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ní ká ta á, ká fi ra jíìpù, Highlander.

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ nítorí gbígbóná, ẹ sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì 3.3 yìí kan náà ló wà nínú Highlander V6 ti 2004 sí 2007. Ẹ máa bá ìṣòro yín pàdé nínú aṣọ mìíràn. Lóòótọ́, jíìpù ga nílẹ̀, mi ò jiyàn, ojú ọ̀nà oko wa sì nílò rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni méje jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ wá ṣí bùútù: àpò gààrí kan lè má ráàyè. Sienna ní kòtò jíjìn lẹ́yìn ìjókòó kẹta, ibẹ̀ ni iṣu yín ń gbé.

Ẹrù gan-an sì kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ka ìwé táyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n kọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé síbẹ̀, èèyàn àti ẹrù pọ̀. Àgbàlagbà méje tó wọn kílò 70 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ti di 490. Àwọn ọmọ yín ò tíì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣu 40 tó wọn kílò mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, 120 nìyẹn. Ẹ ṣírò tiyín, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n kọ síbẹ̀; bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni ẹ́ńjìnnì á ṣe ṣiṣẹ́ tó lórí òkè.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò ṣe irú Píjò 504 ọjọ́sí mọ́, èyí tó ń gbé ìdílé àti ẹrù?

Ìdáhùn: Kàdúná ni wọ́n ti ń to 504 láti 1975, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì wà lẹ́yìn irú rẹ̀ tí ara rẹ̀ gùn, torí ẹrù. Sienna, ìdílé ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Indiana ò ro òkè Ẹ̀fọ̀n. Lọ́hùn-ún pàápàá, Ford àti General Motors ti pa irú ọkọ̀ ìdílé bíi Sienna tì, torí jíìpù ló ń tà. Sienna tuntun láti 2021, háíbíríìdì nìkan ni, ìyẹn èyí tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pọ̀. Ìgbà tó bá di tòkunbọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa tán, tí bátìrì rẹ̀ bá kú, ta ni yóò tún un ṣe l'Ádó? Èmi ò tíì rí i. Nítorí náà, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí fáànù àti ìdérí, torí wọn ò wọ́n.