Bí a ṣe ń tọpa ìtàn ìdílé àlùfáà ayé àtijọ́ ní Ìbàdàn

Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà láyé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò ní: iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe mú kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ léraléra, láti ọjọ́ ìrìbọmi títí dé ọjọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí kan náà ni ó sábà máa ń ṣi olùwádìí lọ́nà, nítorí náà inú ẹbí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé ìdí ìwé.

Ẹ lọ bá àwọn àgbà agbo ilé, kí ẹ sì gba oríkì orílẹ̀ bàbá náà sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kì í. Nígbà tí Ìbàdàn di ìlú ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n para pọ̀ dó síbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé agbo ilé tí wọ́n bí ènìyàn sí lè má jẹ́ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Oríkì ni yóò sọ bóyá ọmọ Oníkòyí ni tàbí ọmọ Olófà. Ní tèmi, ìyá àgbà ni mo máa ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi, kí a tó dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, olórí agbo ilé, nítorí ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀ kì í jìnnà sí ìtàn tí mọ́gàjí ń sọ.

Orúkọ ìdílé ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọ̀pọ̀ àwọn Sàró, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone), ni wọ́n fún ní orúkọ òyìnbó nígbà ìrìbọmi. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí ṣe di Samuel Crowther ní 1825. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Sàró ní 1846, ọmọ ìran Aláàfin Abíọ́dún ni, ṣùgbọ́n inú ìdílé mìíràn ni James Johnson tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ti wá. Ní ti àwọn tí wọ́n gbàgbọ́ nílé níbí, bíi àlùfáà Daniel Olúbi, orúkọ àbísọ bàbá ni ó di orúkọ ìdílé fún àwọn ọmọ, kò sì sí ohun tí ó so ó mọ́ orúkọ bàbá tí ó bí bàbá náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìjọ yín, kí ẹ gbé e lọ fún àlùfáà ìjọ tí bàbá náà ti ṣiṣẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ wo ìwé ìrìbọmi, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Kúdẹtì, níbi tí òyìnbó ajíhìnrere David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853, ni ìjọ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn. Àrẹ̀mọ àti Ògùnpa tẹ̀lé e. Ẹ má wá a lábẹ́ orúkọ àlùfáà nìkan. Samuel Johnson ti ṣe olùkọ́ àti katikíìsì (olùkọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́) kí ó tó di dìákónì ní 1880, ọdún 1888 ni ó sì di àlùfáà. Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn kí ó tó kú ní 1901. Ẹni tí ó bá jókòó ti ìwé Ìbàdàn nìkan yóò pàdánù ọdún wọ̀nyẹn. Ọjọ́ orí tí ó wà nínú ìwé ìsìnkú sì sábà máa ń jẹ́ àfojúbù. Ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tàbí Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Bí ìwé bá tako ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Àwọn ìwé CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ tí ó rán àwọn ajíhìnrere náà wá, wà ní National Archives tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, pàápàá àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wọn, ti wà ní Yunifásítì Birmingham báyìí: CA2 ni àmì àwọn ti ilẹ̀ Yorùbá títí di 1880, G3 A2 sì ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ dárúkọ ìlú àti ọdún tí ẹ ń wá, kí ẹ sì kọ orúkọ bàbá náà ní oríṣi ọ̀nà tí àwọn ará àtijọ́ lè gbà kọ ọ́, pẹ̀lú sh níbi tí àwa ń kọ ṣ, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀.