Ẹ̀yin ọmọ tuntun nídìí dátábéèsì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti sú mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníṣọ́ọ̀bù kan pè mí. Dátábéèsì rẹ̀, ìyẹn àkójọ dátà inú kọ̀ǹpútà, ń rìn bí ìgbín, wọ́n ní kó ra server (kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì ń gbé) tó tóbi, ó sì ti rà á. Mo wo tábìlì náà: kò sí index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè rí nǹkan) lórí column (òpó tábìlì) tí wọ́n fi ń wá oníbàárà. Àṣẹ ìlà kan ló parí ìjà náà. Owó server ti wọgbó.

1. Tí ẹ bá ń yan irú dátà fún column, owó kì í gbé inú FLOAT, tó ń fi ìsúnmọ́ nọ́ńbà pamọ́. DECIMAL, tó ń pa kọ́bọ̀ mọ́ géérégé, ni ilé rẹ̀.

2. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun tí à ń rò pọ̀. Ẹ bá kọ ọ́ sí INT (irú dátà fún odidi nọ́ńbà), òdo iwájú 0803 á pòórá. INT lásán ti MySQL (ẹ̀rọ dátábéèsì kan) kì í sì í kọjá 2147483647, nítorí náà nọ́ńbà tó kù gan-an kò ní wọ ibẹ̀. VARCHAR, irú dátà fún ọ̀rọ̀, ni ilé tirẹ̀.

3. Ẹ̀yin tí ẹ ń ki ọjà mẹ́rin bọ inú àpótí kan nínú tábìlì! Láti 1970 ni Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ IBM, ti kọ ọ́ pé kí dátà wà ní tábìlì, kí àpótí kọ̀ọ̀kan sì gba ohun kan ṣoṣo. Inú èrò yẹn ni SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ti jáde. Síbẹ̀, mo dé ibi iṣẹ́ kan, mo bá "ìrẹsì, epo, ẹ̀wà" nínú àpótí kan. Akọ̀wé kejì ń kọ "ìrẹsì/epo". Ẹ̀kẹta, ẹni tí mo fẹ́ràn jù, ń kọ "ìrẹsì pẹ̀lú epo díẹ̀". Ọ̀gá wá bèèrè pé epo mélòó la tà. Wọ́n fi LIKE '%epo%' wá a, ìyẹn ibikíbi tí epo bá ti wà nínú ọ̀rọ̀: epo pupa jáde, epo ẹ̀pà jáde, epo jẹnẹrétọ̀ náà yọjú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú u palẹ̀ sí tábìlì mẹ́ta: oníbàárà, ọjà, àti ìtajà tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, wákàtí kan ni.

Mélòó ni mo kà dé? Ẹ fi sílẹ̀.

UPDATE (àṣẹ tó ń yí dátà padà) láìsí WHERE (tó ń sọ ìlà tó kàn) ńkọ́? Èmi tí mò ń pariwo yìí, mo ti ṣe é rí. Mo fẹ́ yí iye owó ata padà. Ìrẹsì, firíìjì, ìṣáná, gbogbo rẹ̀ di ₦1,500. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan nǹkan kan kí n tó tẹ BEGIN, àṣẹ tó ń jẹ́ kí n lè dá ìyípadà padà kí n tó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ náà, mo sáré lọ síbi backup, ẹ̀dà dátà tí à ń fi pamọ́. Wọ́n ti yí password dátábéèsì padà, kò sẹ́ni tó sọ fún script (ètò kékeré) tó ń ṣe backup lóru. Fáìlì 41 ló wà níbẹ̀, òdo báìtì ni gbogbo wọn, òfìfo. Ìwé rìsíìtì akápò ni mo fi ń tẹ iye owó padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.